Lábẹ́ Òrùlé Tẹ́tẹ́

Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, Sátidé, òjò ń lu Oldham.
Ní méje ààbọ̀ ẹ̀rọ á pa ẹnu dé,
nítorí náà ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kò rímú mí.
Èmi ni mo jókòó tì í. Mo jókòó ni mo wí?
Mo dúró ni. Sivakumar kò gbà kí àga wọ ẹ̀yìn káńtà.

Màmá Winifred Schofield wọlé,
agbòjò rẹ̀ ń kán sórí búrẹ́dì.
Ó gbé mílíìkì, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó dá mílíìkì padà.
Nọ́ńbà mẹ́fà kan náà ni, láti ọdún tí bàbá ti sùn:
mẹ́rin, ojúlé tí wọ́n ti gbé ìyàwó;
mọ́kànlá, iye ọdún tí ajá wọn lò láyé;
mẹ́tàdínlógún, ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ òwú ti ilẹ̀kùn pa;
àwọn ìyókù, ó ní, kò kàn mí.
Pọ́n-ùn méjì. Ó ṣì gbóná láti inú ìbọ̀wọ́.

Ẹ bá mi tẹ̀ lé pọ́n-ùn méjì yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀.
Ó lé ní ìdajì tó forí lé ọ̀dọ̀ àwọn tó jẹ ẹ́,
àwọn tí a ò mọ̀, nílùú tí bọ́ọ̀sì wa ò dé.
Ìjọba bu owó orí; ìjọba kì í gbàgbé àwo tirẹ̀.
Ilé-iṣẹ́ tó gbàwé àṣẹ bu tirẹ̀. Bíńtín ni, wọ́n ní,
ṣùgbọ́n bíńtín lọ́nà mílíọ̀nù, ẹ fúnra yín ṣírò rẹ̀.
Pẹ́ńsì mẹ́wàá ni ti Sivakumar, inú rẹ̀ ni owó iná wà,
àti, bí mo bá rò ó dáadáa, èmi náà.
Èyí tó kù, bí ìdá kan nínú mẹ́rin,
ni wọ́n sọ ní owó iṣẹ́ rere.
Owó iṣẹ́ rere kì í rìn lóru bí olè.
Orí tábìlì ló ń jókòó, àwọn onígíláàsì yí i ká:
Ta ni yín? Ta ni yóò jàǹfààní? Ẹlẹ́rìí dà?

Mo mọ̀ wọ́n. Èmi àti Norman, tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn Hollinroyd,
la kọ fọ́ọ̀mù náà, ojú ewé mẹ́tàlélógún,
nígbà tí garawa mẹ́sàn-án ń gbe omi òrùlé
láàárín àwọn ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ jíjà.
A kọ ọ́, wọ́n kọ̀ ọ́.
A tún un kọ, kò ṣeé kọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbọ̀ngàn yẹn la ti ń jọ́sìn.
Pásítọ̀ Olúgbódi fọwọ́ lu tábìlì:
"Tẹ́tẹ́ ni irọ́ tí òtòṣì ń pa fún ara rẹ̀!"
Gbogbo wa ní àmín. Òjò ń rọ̀ lókè,
ẹ̀kán kan ò bọ́ sórí Bíbélì ẹnikẹ́ni.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, àwo kékeré kan wà lára ògiri,
ìka méjì tó lọ́ mọ́ra, tó ń gbọ́ ìwàásù.
Ọ̀kan nínú àwọn adènà fi kálẹ́ńdà ìjọ bò ó.
Norman ṣí i kúrò: àdéhùn ni, ó ní, gbogbo ojú gbọ́dọ̀ rí i.
Kálẹ́ńdà wá di ará ilé ìdáná.
Pásítọ̀ bi mí pé kí ni mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù.
Mo ní mílíìkì.

Ìwé pélébé jáde. Màmá Winifred ká a sí mẹ́rin.
"Bí mo bá jẹ ẹ́ lálẹ́ òní, màá ra ṣọ́ọ̀bù yìí fún ẹ."
Ó ti ń rà á fún mi láti ọdún mẹ́fà.
Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé ó ti jẹ ẹ́:
ìṣó mẹ́ta, bóyá etí páànù kan,
lókè orí àwọn èèyàn tí kò mọ orúkọ rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ìṣó ra mílíìkì?
Mo ní, "Ó dàárọ̀, Màmá."
Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan ti ń ka owó ẹyọ,
ìka rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.